Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ kò ṣubú: àwọn ìwé tí mo fi ń kọ́ animation

Lẹ́yìn ètò tí a ti sọ̀rọ̀ nípa kàtúùnù, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá: ìwé wo ni kí ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ rà? Èmi ni wọ́n ní kí n dáhùn, torí wọ́n mọ̀ pé ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń fi alẹ́ ọjọ́ Ẹtì bá a wọ̀yá ìjà nílé mi ní Houston níbí. Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mo fi ń jẹun. N kò jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ àwòrán rí. Ẹ gbà á bí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa orúkọ ná. Kàtúùnù ni a máa ń pe gbogbo rẹ̀ nílé. Ẹ̀ka rẹ̀ tí mo ń sọ níbí ni èyí tí wọ́n ń pè ní character animation: kì í ṣe pé kí á ya ènìyàn kó máa rìn nìkan, bí kò ṣe pé kí ẹni tí a yà dà bí ẹni tó wúwo, tó ń ronú, tó ní ìwà. Frame ni àwòrán kan ṣoṣo nínú àwọn tó ń tẹ̀lé ara wọn. Fíìmù sinimá máa ń ní frame 24 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán kì í ya gbogbo rẹ̀. Wọ́n á ya 12, wọ́n á fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, ojú ò sì ní fura.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé nìyí. Mo fẹ́ ṣe fíìmù kékeré kan, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ péré, àlọ́ Ìjàpá ní èdè Yorùbá, fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n bí sí ìlú yìí. Wọ́n ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, wọn ò lè sọ ọ́. Kí àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin kan á wọlé, á dọ̀bálẹ̀ fún bàbá àgbà rẹ̀, bàbá á ní kó jókòó, àlọ́ á wá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe apá ìdọ̀bálẹ̀ yẹn nìkan. Màámi wá kí wa láti Ìbàdàn, mo sì sáré fi hàn wọ́n lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n wò ó, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní, "Ó mà ṣe o. Kí ló gbé ọmọ yẹn ṣubú?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọ̀nyí kì í rí bàbá àgbà wọn lójúkojú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì. Ara àwọn tó wà nínú kàtúùnù ni wọ́n ti ń kọ́ bí ara ṣe ń kíni. Bí èmi bá ya ìkíni tó dà bí ìṣubú, ìṣubú ni wọ́n máa rí, wọ́n á sì máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Mo wá pinnu pé n kò ní tún ohunkóhun yà títí màá fi mọ ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo yá nílé ìkàwé ìlú ni The Animator's Survival Kit tí Richard Williams kọ, tó jáde ní ọdún 2001. Bí owó yín kò bá tó ju ìwé kan lọ, òun ni kí ẹ rà. Ọmọ Toronto ni Williams, wọ́n bí i ní 1933, ó sì kú ní 2019. London ló ti ṣe ọ̀pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni olórí àwọn tó ṣe animation fún Who Framed Roger Rabbit (1988). Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ ni pé ó ti lórúkọ nínú iṣẹ́ kó tó mọ̀ pé òun ò tíì mọ̀ tó. Kò tijú. Ó lọ bá àwọn àgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Hollywood láyé àtijọ́, Ken Harris, Art Babbitt, Grim Natwick, ó jókòó sẹ́sẹ̀ wọn bí ọmọ iṣẹ́, ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Ìwé yẹn ni àkọsílẹ̀ ọ̀hún. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán lórí gbogbo ojú ìwé. Ìkìlọ̀ tó wà níbẹ̀rẹ̀ ni pé kí ayàwòrán pa orin tó ń gbọ́ níbi iṣẹ́. Milt Kahl ti Disney ló bú u mọ́ ọn nítorí ẹ̀ nígbà kan. Èmi tí kì í kọ kóòdù láìsí Fújì létí, ìkìlọ̀ yẹn ò bá mi lára mu rárá, ṣùgbọ́n mo dán an wò, òótọ́ ni.

Ibi tó gùn jù nínú ìwé náà ni ti ìrìn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè màámi. Bí ènìyàn bá ń rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹsẹ̀ kan gba frame 12. Ní frame 1, gìgísẹ̀ iwájú kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì sì la gbòòrò. Ní frame 4, orúnkún iwájú tẹ̀, ara wálẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti gba ìwúwo. Ní frame 7, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó dúró. Ní frame 10, ìka ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ara gòkè. Ní frame 13, gìgísẹ̀ kejì kan ilẹ̀, a padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya márùn-ún yìí pẹ̀lú ènìyàn onígi, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ṣe ń ya ènìyàn. Ẹ máa rí i pé ó ń rìn.

Williams ṣàlàyé pé ìrìn jẹ́ pé à ń ṣubú síwájú, à ń fi ẹsẹ̀ kejì gba ara wa mú kó tó pẹ́ jù. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo dìde lórí àga. Nítorí náà, ìṣubú wà nínú gbogbo ohun tí ara ń ṣe. Ohun tó ya ìdọ̀bálẹ̀ sọ́tọ̀ sí ìṣubú kò sí níbi tí ara parí sí, torí ilẹ̀ náà ni àwọn méjèèjì parí sí. Ó wà nínú ẹ̀yà ara tó kọ́kọ́ lọ, àti ìgbà tó lọ.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìwé kejì dá lé lórí. Timing for Animation ni, ti Harold Whitaker àti John Halas, tó jáde ní 1981. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Halas àti ìyàwó rẹ̀ Joy Batchelor ló ṣe Animal Farm ti 1954 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Whitaker sì wà lára àwọn tó ya á. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ bíi tèmi, ẹ máa gbádùn rẹ̀, torí ó dà bí ìwé ìlò ẹ̀rọ. Kókó rẹ̀ ni pé iye frame tó wà láàárín àwòrán méjì ni ìtumọ̀ wọn. Ẹ ya ojú tó ń wo ọ̀tún, ẹ tún ya ojú kan náà tó ń wo òsì. Bí ó bá fi frame 2 yí, ẹnì kan ti gbá a létí. Bí ó bá fi 8 yí, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Bí ó bá fi 24 yí, ọrùn ń dùn ún, tàbí ó mọ ẹni tó ń pè é, kò sì fẹ́ rí i. Àwòrán ò yí padà o. Iye ló yí padà.

Ó wá ku kí n rí ìdọ̀bálẹ̀ gidi. Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí máa ń ní kí á lọ wo Eadweard Muybridge. Òun ló ya fọ́tò ẹṣin tó ń sáré ní California ní 1878 pẹ̀lú kámẹ́rà púpọ̀ tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, tó sì ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Pennsylvania títí tí Animal Locomotion fi jáde ní 1887 pẹ̀lú àtẹ fọ́tò 781. The Human Figure in Motion tí ilé ìtẹ̀wé Dover tẹ̀ jáde jẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì wúlò gan-an: ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, obìnrin tó ń gbé garawa. Mo ṣí gbogbo ojú ìwé ẹ̀dà tí mo yá. N kò rí ẹnì kankan tó dọ̀bálẹ̀, n kò sì rí ẹnì kankan tó kúnlẹ̀ kí àgbà bí a ṣe ń ṣe é.

Mo fi iṣẹ́ rán ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìbàdàn. Mo ní kí wọ́n fi fóònù ya ọmọ wọn láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá ń kí bàbá wa láàárọ̀. Wọ́n ní orí mi ti dàrú ní Amẹ́ríkà, àmọ́ wọ́n ya á. Mo fi frame kọ̀ọ̀kan wò ó, gẹ́gẹ́ bí Muybridge ìbá ṣe wò ó.

Ohun tí mo rí rèé. Ọmọ náà kò wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ dúró, ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀, ojú rẹ̀ sì ti wálẹ̀ kí orí rẹ̀ tó wálẹ̀. Ìyẹn nìkan gba frame 6 tàbí 7. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ̀ síwájú, ọwọ́ méjèèjì ti na sí ilẹ̀ kí orúnkún tó tẹ̀ tán. Ọwọ́ ni ó ń ṣíwájú, ara ń tẹ̀lé. Ọwọ́ kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ na sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, àyà wálẹ̀ kẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó dúró níbẹ̀. Ó dúró títí bàbá fi kí i tán, tí wọ́n ṣàdúrà, tí wọ́n ní kó dìde. Ìdúró yẹn gùn ju gbogbo ìyókù lọ, ó lé ní frame 70, kò sì kú: ẹ̀yìn rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀kalẹ̀ nítorí èémí.

Ẹ wá wo tèmi tí màámi bú. Ìdúró àkọ́kọ́ ò sí. Orúnkún àti orí ló ṣíwájú, ọwọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn, bí ti ẹni tí òkúta gbé ṣubú. Frame 8 ni gbogbo rẹ̀ fi dé ilẹ̀. Ó sì fò dìde kí bàbá tó ya ẹnu! Òótọ́ ni wọ́n sọ, ọmọ náà ṣubú ni.

Àwọn nǹkan tí mo rí yìí, orúkọ wà fún wọn tipẹ́. Orúkọ yẹn wà nínú The Illusion of Life: Disney Animation, ìwé ńlá tí Frank Thomas àti Ollie Johnston kọ ní 1981. Àwọn méjèèjì ti wà ní Disney láti ọdún 1930 àti díẹ̀. Ìlànà méjìlá tí gbogbo ènìyàn ń sọ nínú iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. N kò ní ka gbogbo rẹ̀ fún yín. Ìdúró tí ọmọ náà dúró kó tó wálẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, a lè pè é ní ìmúrasílẹ̀: ara máa ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é, kí ojú òǹwòran lè bá a débẹ̀. Bí ó ṣe rọra gbéra tó sì rọra dé ilẹ̀ jẹ́ òmíràn. Pé ọwọ́ rẹ̀ ò gba ọ̀nà tó gún bíi rúlà, ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, jẹ́ òmíràn. Àsọdùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó yà mí lẹ́nu pé wọ́n kà á sí ìlànà, títí mo fi rántí bí àwọn apàlọ́ wa ṣe ń ṣe ohùn Ìjàpá.

Síbẹ̀, èrò tèmi ni pé kí ẹ má ṣe fi ìwé yìí bẹ̀rẹ̀. Ó wúwo bí òkúta ọlọ, owó rẹ̀ pọ̀, ìtàn ilé iṣẹ́ Disney ló sì gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ yá a, ẹ ka orí tó sọ nípa ìlànà, ẹ dá a padà. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ ń lò, ẹ wá ìwé àpilẹ̀kọ kúkúrú tí John Lasseter gbé kalẹ̀ ní ìpàdé SIGGRAPH ní 1987, tó fi ìlànà wọ̀nyí ṣàlàyé animation orí kọ̀ǹpútà. Ọdún kan ṣáájú ni Pixar ṣe Luxo Jr., fíìmù àtùpà méjì tí kò ní ojú tí kò ní ẹnu, tí ẹ máa mọ̀ pé ọ̀kan jẹ́ òbí, ọ̀kan jẹ́ ọmọ. Ojú ìwé díẹ̀ ni àpilẹ̀kọ náà, ó sì ṣe mí láǹfààní ju ọ̀pọ̀ ìwé ńlá lọ. Blender ni èmi ń lò fún iṣẹ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín lórí ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìlànà wọ̀nyẹn wà tó jẹ́ pé àwa la ni ín, ká má parọ́: pé ohun tó bá so mọ́ ara kì í dúró nígbà tí ara bá dúró. Òyìnbó á fi etí ajá tàbí irun gígùn ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ fi agbádá ṣe é! Nígbà tí bàbá àgbà inú fíìmù mi gbé apá rẹ̀ sókè láti ju apá agbádá sí èjìká, apá ló kọ́kọ́ lọ. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra lẹ́yìn frame 3, etí aṣọ tún pẹ́ ju àárín rẹ̀ lọ. Apá dúró, aṣọ ṣì ń bọ̀, ó kọjá ibi tó yẹ, ó padà, ó jókòó. Àwọn tó ń gbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní apá Kétu ti mọ irú èyí tipẹ́. Àwọn kan nínú agọ̀ wọn ní ère lórí tí wọ́n fi okùn fà láti ìsàlẹ̀ kó máa ṣe bí ẹni tó wà láàyè.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìrìn díẹ̀, torí Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, ru igbá lórí nínú fíìmù mi. Ọ̀pọ̀ ìrìn tó wà nínú ìwé Williams jẹ́ ti ẹni tí orí rẹ̀ ṣófo, orí sì ń fò lọ sókè sódò. Bí mo bá lo ìrìn yẹn bó ṣe wà, igbá á dà nù. Mo wá rántí pé sáyẹ́ǹsì ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1986, Maloiy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nínú ìwé ìròyìn Nature nípa àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà tí wọ́n ti ń ru ẹrù láti kékeré. Bí ẹrù náà kò bá ju ìdá 20 nínú 100 ìwúwo ara wọn lọ, agbára tí wọ́n ń lò láti rìn kò pọ̀ sí i ju ti ìgbà tí wọn ò ru nǹkan kan. Ní 1995, Heglund àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún kọ ìdí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kan náà. Ẹ rántí ohun tó ń fì lábẹ́ aago ògiri àtijọ́: nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, gíga rẹ̀ di eré, nígbà tó bá ń gòkè, eré rẹ̀ di gíga. Ara ẹni tó ń rìn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ń ṣòfò ní gbogbo ẹsẹ̀ tí a bá gbé. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, nígbà tí ẹrù bá wà lórí wọn, èyí tó ń ṣòfò dín kù.

Kí ni èyí fún ayàwòrán? Fún tèmi, mo dín ìgòkè orí Yánníbo kù sí nǹkan bí ìdajì, mo mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀, mo jẹ́ kí ọrùn àti ẹ̀yìn gún, mo sì gbé gbogbo ìró ìrìn náà sí ìbàdí. Màámi ò sọ nǹkan kan nípa Yánníbo. Mo kà á sí oríyìn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kù, ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́ èdè, ibí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà. Preston Blair wà lára àwọn tó ya ìjó erinmi nínú Fantasia (1940). Ìwé rẹ̀ Cartoon Animation (1994) kó iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ jọ, ó rọrùn, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ kọ́ yíyà. Àtẹ ẹnu kan wà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, tí sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ Papagayo ń lò: ẹnu mẹ́wàá péré, tí a fi ń ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. M, B àti P ní ẹnu kan, ètè pa dé. F àti V ní ọ̀kan. A àti I náà ní ẹnu kan ṣoṣo.

Ẹ dúró níbẹ̀. A àti I? Lọ́nà tí Gẹ̀ẹ́sì gbà ń pe lẹ́tà I, ó yé mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹnu yẹn sọ "ilé", ọmọ inú fíìmù yín á la àgbọ̀n sílẹ̀ gbàù níbi tó yẹ kí ètè rẹ̀ fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí eyín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Mo ṣe àtẹ tèmi. Fáwẹ̀lì méje la ní, a e ẹ i o ọ u, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu tirẹ̀. E àti ẹ yàtọ̀, àgbọ̀n wálẹ̀ díẹ̀ sí i fún ẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni o àti ọ. Fáwẹ̀lì àránmúpè kò fẹ́ ẹnu tuntun, imú ló ń ṣiṣẹ́, a ò sì rí i láti ìta. A ò lo V, nítorí náà F nìkan ló ni ẹnu yẹn.

P àti gb wà pẹ̀lú m àti b, ètè pa dé. Àmọ́ p tiwa kì í ṣe p ti Gẹ̀ẹ́sì. Ètè pa dé, ẹ̀yìn ahọ́n náà pa òkè ọ̀nà ọ̀fun dé lẹ́ẹ̀kan náà, méjèèjì á sì là papọ̀ láìsí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ jáde. Ẹ gbé ọwọ́ síwájú ẹnu yín, ẹ sọ "pẹ́pẹ́yẹ"; bí afẹ́fẹ́ bá kan ọwọ́ yín, p òyìnbó lẹ sọ. Nínú àwòrán, èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í wú. Ìmọ̀ràn tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń fúnni ni pé kí ètè tó pa dé gba ó kéré tán frame 2, kí ojú lè rí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ "gbogbo" á dà bí "ogo".

Ohùn ńkọ́? Ẹ dúró níwájú dígí, ẹ sọ ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Ẹnu kan náà! Gángan máa ń sọ ohùn láìsí ẹnu. Kàtúùnù tí a pa ohùn rẹ̀ ń sọ ẹnu láìsí ohùn. Èmi máa ń fi ìpéǹpéjú àti orí gbé díẹ̀ nínú rẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le, ṣùgbọ́n bí mo bá fi sórí gbogbo ohùn òkè, ọmọ náà á dà bí alángbá. Kọ̀ǹpútà lè bá yín ṣe ẹnu náà: nígbà tí mo wá Yorùbá lára àwọn èdè inú Papagayo, n kò rí i, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé, Rhubarb Lip Sync ní ọ̀nà kan tó ń gbọ́ ìró nìkan láìbìkítà èdè, ó sì gbìyànjú.

Fún ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwà papọ̀, ìwé Eric Goldberg, Character Animation Crash Course! (2008), ni mo fẹ́ràn jù. Òun ló darí yíyà Genie nínú Aladdin (1992), ó sì ń ṣàwàdà lórí gbogbo ojú ìwé. Acting for Animators ti Ed Hooks yàtọ̀: olùkọ́ òṣèré ni, kì í ya nǹkan kan. Ó ní kí á máa béèrè ohun tí ẹni inú àwòrán ń rò kó tó gbé ọwọ́. Ibẹ̀ ni mo ti bi ara mi pé kí ni ọmọkùnrin mi ń rò nígbà tó ń dọ̀bálẹ̀. Ó ń rò pé ebi ń pa òun. Mo jẹ́ kó yọjú wo ilé ìdáná kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀, ìrísí gbogbo eré náà sì yí padà.

Ẹ tún máa fi fíìmù ṣe ìwé. Iwájú, eré alápá mẹ́fà tí Kugali bá Disney ṣe nípa Èkó ọjọ́ iwájú, jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024. Iyanu, tí Roye Okupe dá sílẹ̀ nínú ìwé aláwòrán ní 2021, di eré lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kẹrin 2025. Ẹ pa ohùn rẹ̀, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì frame kan sí èkejì, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kí àgbà níbẹ̀, ẹ fi wé ti ilé yín. Bí ẹ bá sì rò pé ìgbà tí òyìnbó dá sí i la bẹ̀rẹ̀, ẹ wá Moustapha Alassane ti Niger (1942–2015), tó ti ń ya kàtúùnù ọ̀pọ̀lọ́ tirẹ̀ ní àárín ọdún 1960. Bon voyage, Sim jáde ní 1966. Ó bá Norman McLaren pàdé ní Kánádà, ó kọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà wálé wá ya ọ̀pọ̀lọ́ olóṣèlú.

Mo parí ìdọ̀bálẹ̀ tuntun náà lóṣù tó kọjá. Frame 7 fún ìdúró àti ojú, 14 fún ìsọ̀kalẹ̀, 72 fún àdúrà, 18 fún dídìde. Mo pe màámi lórí fóònù, mo fi ránṣẹ́, mo dúró kí wọ́n wò ó. N kò gbọ́ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Hẹn-ẹ́n. Dìde, ọmọ mi, wàá dàgbà." Orí mi wú. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ ni wọ́n bá tún ní, "Àmọ́ fìlà orí rẹ̀ ńkọ́? Ṣé pẹ̀lú fìlà ló fi ń kí àgbà ni?"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò dé fìlà nínú fídíò tó wá láti Ìbàdàn. Èmi ni mo fi dé ọmọ inú àwòrán, torí ó dára lójú. Mo ti padà sí frame 3 báyìí. Ọwọ́ ọ̀tún ni yóò ṣí i, mo sì rò pé ó máa gbà tó frame 9.